Èdè Tí Deeqa Fi Dáhùn

Tòrínò,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, 1987

Hooyo, ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Deeqa ọmọbìnrin mi ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Ẹ bá mi kí gbogbo ará àgbàlá wa ní Bondere. Ẹ kí Bàbá Elmi aládùúgbò wa, ẹ ní mi ò tíì gbàgbé ẹ̀fẹ̀ wọn.

Èmi náà wà, Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ mi. Òtútù ò tíì kúrò nílẹ̀ níbí. Màmá Ornella, arúgbó tí mò ń tọ́jú, ń kùn pé òun ò ní rí ìgbà ooru tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún nìyẹn, wọ́n sì máa ń rí i.

Hooyo, ẹ wá ibì kan jókòó sí kẹ́ ẹ tó ka èyí. Ìjọba ibí ti ṣe òfin tuntun. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé lè gbàwé ìgbélùú báyìí, ẹni tó bá sì ní ọmọ nílé lè mú un wá. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ọmọ mi ń bọ̀ wá bá mi! Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sùn ni mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn yín tí mo yọ́ jáde. Ó ti ń lọ sí mẹ́jọ báyìí, fọ́tò ni mo fi ń mọ̀ pé eyín rẹ̀ ti ń pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí Deeqa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Ítálì kíákíá. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, èdè Sòmálì ò níṣẹ́ kankan tó lè ṣe fún un níbí. Barni ọ̀rẹ́ mi fọgbọ́n mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá láti Marka, ọmọ náà ò gbọ́ nǹkan kan. Ilé-ìwé fi í sáàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, géńdé ọmọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú! Ó ti ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, Barni ń sunkún. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún ọmọ tèmi. Bàbá Elmi gbọ́ Ítálì, ṣebí wọ́n bá àwọn Ítálì ṣiṣẹ́ lóko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Jenale. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kọ́ ọ lójoojúmọ́. Sòmálì lè dúró.

Èmi ọmọ yín,
Sagal


Mogadíṣù,
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 1987

Sagal ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ẹ gbé. Ìwé ẹ dé ọwọ́ mi. Orúnkún ń dùn mí, o ṣeun tó o béèrè. Gbogbo ará àgbàlá kí ẹ. Bàbá Elmi ní kó o fi ìyàwó òyìnbó kan ránṣẹ́ sí òun, kó má ga jù, kó má sì máa gbó mọ́ èèyàn.

Mo bá ẹ yọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹni tó bímọ ló lọmọ. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti ní Sòmálì lè dúró, ibẹ̀ ni mo ti ká ìwé náà pọ̀ tí mo gbé e sábẹ́ pílò. Kó dúró de ta?

Ìwọ Sagal! Ṣó o rántí ọdún tí ìjọba kó gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé dà sínú igbó pé kẹ́ ẹ lọ kọ́ àwọn darandaran ní èdè wa kíkọ? O ti ibẹ̀ dé, o gbẹ bí igi, oòrùn ti sun imú ẹ. O ní bó o ṣe kọ́ àwọn tó ń da ràkúnmí, ìyá tìẹ náà ò ní kú láìmọ̀wé. Èédú lo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ fún mi sára ògiri ilé ìdáná. Àgbàlagbà ni mí nígbà yẹn, o sì ń gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá ṣì í kọ! Torí ẹ̀ ni mo fi ń jókòó báyìí tí mò ń dá ẹ lóhùn láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ìwọ yìí náà lo wá ń sọ pé kò níṣẹ́.

Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan, ìwọ tó o mọ̀wé. Bí mo bá gbéra lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí, tí mo gba Hargeisa kọjá dé Jìbútì, tí mo yà sí Jijiga lábẹ́ àwọn ará Etiópíà, tí mo sọ̀kalẹ̀ títí mo fi dé Garissa nílẹ̀ Kẹ́ńyà, ibo ni màá dé tí màá kí wọn tí wọn ò ní bu wàrà ràkúnmí fún mi? Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ẹnu kan! Àwọn Ítálì ẹ ńkọ́? Bàbá Elmi ní bí èèyàn bá gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yín, tó sọ̀ kalẹ̀ sódì kejì, Faransé ló kù tí wọ́n ń sọ. Èdè tí ò lè gòkè ni kí ọmọ wa torí ẹ̀ gbé èyí tó ń rin aṣálẹ̀ jù sílẹ̀?

Ohun mìíràn ni pé Deeqa ò sí nílé. Òjò ti rọ̀, koríko ti yọ, àbúrò bàbá ẹ ti wá mú un lọ sínú igbó láti lọ mu wàrà, bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ ìgboro. Ìwọ náà mu ún, òun ló jẹ́ kí egungun ẹ le tó o fi lè gbé arúgbó òyìnbó. Ó di ìgbà tí koríko bá gbẹ kó tó dé. Bàbá Elmi lè dúró.

Ìyá ẹ,
Dahabo


Tòrínò,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 1987

Hooyo,

Mo kí yín, mo kí ará ilé. Mi ò ní pẹ́ lórí kíkí torí inú ń bí mi.

Wàrà! Àwọn èèyàn ń béèrè ìwé ọmọ lọ́wọ́ mi níbí, ẹ ní ó ń mu wàrà nínú igbó! Ẹ dákun, ẹ ránṣẹ́ kí wọ́n dá a padà.

Hooyo, mo gbọ́ ìrìn àjò tẹ́ ẹ rìn dé Garissa lórí ìjókòó. Ó dára. Garissa ò lè fún ọmọ mi ní ìwé ìgbélùú. Ẹ̀yin bá wọn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bu wàrà fún yín. Èmi ńkọ́? Ní ìgbà òtútù tó kọjá, yìnyín yọ̀ mí ṣubú lójú títì, ọwọ́ mi yẹ̀, ẹkún Sòmálì ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn yẹra fún mi bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ọ̀mùtí. Ìgbà tí mo rántí Ítálì tí mo fi pariwo ni wọ́n tó dúró.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa ní Tòrínò? Àga onígi méjì ni, níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀sán Àlàmísì ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda àwa obìnrin tá à ń ṣiṣẹ́ inú ilé. Ibẹ̀ la ti ń pàdé, tá à ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro wá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Sòmálì parí nìyẹn, ó di Àlàmísì mìíràn. Kò sí ọmọ tó lè fi àga méjì kàwé.

Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí sìpàgẹ́tì lọ́jọ́ kan bá a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé. Màmá Ornella ké bíi pé mo da iyanrìn sí i. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi nírú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn baba yín ló gbé sìpàgẹ́tì wá bá wa, àwa la fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Irú nǹkan báyìí ni mi ò fẹ́ kí ojú Deeqa rí láìní èdè tó máa fi fèsì.

Ẹ dá ọmọ mi padà láti inú igbó.

Sagal


Mogadíṣù,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1987

Sagal,

Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́ fún ọwọ́ tó yẹ̀. O ò sọ fún mi nígbà yẹn, àjèjì ni mo dà lójú ẹ ni? Ẹni tó ṣubú tí ò sọ fún ìyá ẹ̀, kí ni kí ìyá ṣe?

Deeqa ti dé, ó sanra, ó dúdú, ó ń dán. Ó ti ka ìran bàbá ẹ̀ lórí dé ẹni kẹtàlélógún. Arákùnrin kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu kànga nínú igbó, ó ní ọmọ ta ni ìwọ, Deeqa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nígbà tó dé ẹni kẹsàn-án, ọkùnrin náà ní ó tó, ìbátan òun ni. Ó pa àgùntàn fún un. Fún ọmọdé! Lọ wá ẹni tó máa pa àgùntàn fún ọmọ láàárín àwọn tìẹ.

Ṣùgbọ́n kó o má baà ní mò ń dí ẹ lọ́nà, Bàbá Elmi ti bẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fi igbá lé e jáde. Gbogbo Ítálì tí bàbá náà gbọ́, àṣẹ àti èébú ni, torí ohun tí wọ́n ń bá a sọ lóko ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “Gbé e ńlẹ̀, ọ̀lẹ!” Ó ti mọ “Yára, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀!” Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń pàṣẹ fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà ti ń gbọ́ Ítálì jù mí lọ.

A ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó o sọ̀rọ̀ sí. Bó o ṣe sunkún nínú ẹ̀, Deeqa wo rédíò, ó ní, “Hooyo, Sagal ti tún bẹ̀rẹ̀.” O mọ̀ pé èmi ló ń pè ní Hooyo, ìwọ ni Sagal lásán bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó dákẹ́, kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní òun ti gbọ́: o ní kí òun kọ́ Ítálì. Ó ní ṣé Sagal ò mọ nǹkan mìíràn sọ ni.

Fi ìwé ọmọdé kan ránṣẹ́ kí èébú tó tán lẹ́nu Bàbá Elmi.

Dahabo ìyá ẹ


Tòrínò,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, 1987

Hooyo mi,

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ títí Màmá Ornella fi béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ti kó ìwé aláwòrán mẹ́ta fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú bàtà Deeqa. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, Ítálì ni mo sọ sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má bínú. Kó máa gbọ́ ọ kó tó sùn.

Ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí Màmá Ornella bá jókòó pẹ̀lú Piera àbúrò wọn, kì í ṣe Ítálì tá a kọ́ nílé-ìwé ni wọ́n ń sọ. Èdè abúlé wọn ni, mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Piera ní Ítálì tèmi ṣe rẹ́gí ju tàwọn lọ! Àti pé wọ́n mú mi lọ sí ìlú Lugano nílẹ̀ Switzerland lọ́dọ̀ ọmọ wọn. A kọjá ààlà, Ítálì náà ni wọ́n ṣì ń sọ níbẹ̀. Ẹ sọ fún Bàbá Elmi pé èdè wọn gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wọ inú ihò òkè tó yọ sódì kejì, Jámánì ló kù. Màmá Ornella fẹ́ béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa wí i. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, àánú wọn ṣe mí.

Torí náà ẹ̀yin lẹ borí, Hooyo, ilẹ̀ Sòmálì gùn ju ti Ítálì lọ. Kí ni mo fẹ́ fi gígùn ṣe? Ibi tí mo wà ni mo wà.

Ní báyìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti dá ọjọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, ẹ máa mú Deeqa lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní físà. Wọ́n á bi í ní ọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ọmọ mi ni lóòótọ́, torí àwọn kan ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ wá. Ògbufọ̀ kan á wà níbẹ̀, ọmọ Sòmálì ni. Ẹ má jẹ́ kó yanu. Ẹ jẹ́ kí Deeqa fúnra ẹ̀ fi Ítálì dáhùn gbogbo ẹ̀, kí wọ́n rí i pé ọmọ yìí ti múra tán. Inú wọn á dùn, wọ́n á lu ìwé ẹ̀ ní òǹtẹ̀.

Ó dùn mí pé Sagal ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, àá tún un ṣe.

Ọmọ yín,
Sagal


Mogadíṣù,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìíní, 1988

Sagal ọmọ mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. A lọ. Wọn ò gbà.

Mo wẹ Deeqa, mo di irun ẹ̀, mo wọ bàtà tó o fi ránṣẹ́ fún un. Obìnrin kan ló pè wá wọlé, irun ẹ̀ pọ́n, ó sì lọ́yàyà. Ògbufọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ṣe bó o ṣe wí, mo wojú ògbufọ̀ náà, mo ní, “Ọmọ mi gbọ́ èdè wọn o.” Ó ní, “Kò burú, ìyá.” Ó káwọ́ gbera.

Obìnrin náà bi í, Deeqa dáhùn. Ó bi í, ó dáhùn. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, bí omi ẹ̀rọ! Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá gbọ́. Orí mi wú. Mo ní Sagal ló mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mi ò gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló bi í ní nǹkan kan, Deeqa yíjú sí mi, ó nàka sí mi láyà, ó ní, “Dahabo.”

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó tún un bi. Deeqa rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ sókè. Mo gbọ́ orúkọ ẹ náà lẹ́nu obìnrin yẹn, mo rí i tí Deeqa dáhùn láìronú, tó gbé ẹsẹ̀ sókè, tó fi bàtà hàn án. Mo rò pé ìyìn ni wọ́n ń yin bàtà.

Ògbufọ̀ ló fò dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa.” Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Ìta ni ògbufọ̀ náà ti wá sọ ohun tí obìnrin náà fi dá a lóhùn fún mi. Ó ní, “Ọmọ náà gbọ́ mi, èmi náà gbọ́ ọ, kí ló kù tó o fẹ́ túmọ̀?”

Ohun tó bi Deeqa ni pé ta ni ìyá ẹ̀. Deeqa ní Dahabo ni. Obìnrin náà ní ta wá ni Sagal. Deeqa ní, “Sagal wà ní Tòrínò. Òun ló máa ń fi bàtà ránṣẹ́ sí wa.”

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Deeqa ò mọ nǹkan tó ṣe. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti ń bi mí pé ṣé òun gbìyànjú. Mo ní o gbìyànjú, ìyá mi.

Dahabo


Tòrínò,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1988

Hooyo,

Ẹ ti gba ọmọ mi.

Ẹ má ní mò ń rí yín fín. Gbogbo oṣù tí mo ti ń gbé arúgbó sókè sódò, tí mò ń fọ ìdí fún wọn, kí lẹ ń kọ́ ọmọ yẹn? Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ baba ńlá mẹ́tàlélógún, àwọn tó ti kú kí àwọn Ítálì tó dé ilẹ̀ wa. Orúkọ ìyá ẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ò kọ́ ọ! Ẹ̀ ń gbọ́ tó ń pè mí ní Sagal, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ tún ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí n bá yín rẹ́rìn-ín.

Ẹ máa ní ṣebí Ítálì tí mò ń lé kiri ló bà á jẹ́, ká ní Sòmálì ló fi dáhùn, ògbufọ̀ ì bá tún un ṣe. Mo ti sọ ọ́ fúnra mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti sọ ọ́ fún ògiri, mo ti sọ ọ́ lórí àga Àlàmísì títí Barni fi ní kí n sinmi.

Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ kan tó ń ran àwa òṣìṣẹ́ inú ilé lọ́wọ́ ti bá mi kọ̀wé. Wọ́n á tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù Kẹfà. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sí ẹ̀kẹta.

Torí náà, láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé, kó má pè yín ní Hooyo mọ́. Ayeeyo ni kó máa pè yín, bí gbogbo ọmọ ṣe ń pe ìyá àgbà wọn. Èmi ni Hooyo. Kó máa wí i láàárọ̀, kó máa wí i lálẹ́, títí kò fi ní sí orúkọ mìíràn lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ṣe é fún mi.

Sagal


Tòrínò,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, 1988

Hooyo,

Ẹ ò fèsì. Ẹni mẹ́ta ló ti ti Mogadíṣù dé, mo lọ pàdé gbogbo wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ òfìfo ni mo bá wálé. Ọ̀kan ní òun rí yín lọ́jà, pé ara yín le, ẹ sì kí òun. Ẹ kí i! Ẹ lè kí àjèjì lọ́jà, ẹ ò lè kọ ìlà kan sí mi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le jù. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ń bọ̀, Hooyo. Bí ẹ bá ti pinnu láti mú un pamọ́, ẹ sọ fún mi, kí n yéé ra bàtà.

Sagal


Mogadíṣù,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1988

Sagal ọmọ mi,

Mo kí ẹ, mo kí Barni àti ọmọ ẹ̀, mo kí Màmá Ornella. Ọlọ́hun á jẹ́ kí wọ́n tún rí ìgbà ooru mìíràn.

Inú ló bí mi tí mi ò fi kọ̀wé. Mo ka ìwé ẹ lójú Bàbá Elmi, mo ní ṣé ọmọ tí mo bí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó ní kí n tọ́ ọmọ bá òun, tí mo tọ́ ọ, tí ọmọ wá fẹ́ràn mi, òun ló ní mo jalè! Ó dáa, mo ní kí òun náà dúró. Mo tiẹ̀ ti pinnu pé mi ò ní mú un lọ. Inú igbó ni mo fẹ́ mú un padà sí.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn ogun Hargeisa. A kì í sọ ọ́ sókè níbí. Àwọn tó sá láti ibẹ̀ ti dé àdúgbò wa, obìnrin kan ń sùn nínú àgbàlá, kò mọ ibi tí ọmọ ẹ̀ méjì wà. Mo rántí bí mo ṣe ń fi ẹnu gba Hargeisa kọjá nínú lẹ́tà, tí mo ní kò síbi tí wọn ò ti ní bu wàrà fún mi. Àwọn tó ń ju bọ́ǹbù àti àwọn tó ń sá, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n gbọ́ ara wọn yékéyéké. Orí mi wálẹ̀. Mo pe Deeqa, mo bẹ̀rẹ̀ ohun tó o rán mi.

Kò rọrùn. Ó ní, “Hooyo, ebi ń pa mí.” Mi ò dáhùn. Ó fà mí láṣọ, ó ní, “Hooyo, ṣé etí yín ti di ni?” Mo kọjú sí ògiri. Ó ní kí ni òun ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun ò ní pàṣẹ fún ewúrẹ́ mọ́. Canjeero tí mo dín fún oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ yẹn tutù sórí àwo. Nígbà tó yá, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí bí ẹni tó wá béèrè iná lọ́wọ́ ará ilé kejì, ó ní, “Ayeeyo.” Mo bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́. Èmi ò lè jẹ tèmi.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí la padà lọ. Obìnrin onírun pupa náà ló wà níbẹ̀. Kí ó tó la ẹnu, mo ní kí ògbufọ̀ sọ fún un pé Sòmálì ni ọmọ yìí máa fi dáhùn lónìí, gbogbo ẹ̀, kí òun sì túmọ̀ ẹ̀ láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa àga sún mọ́ tábìlì, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó ríṣẹ́. Wọ́n bi Deeqa pé ta ni ìyá ẹ. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní, “Sagal ni Hooyo mi. Èyí ni Ayeeyo, ìyá ìyá mi. Òun ló tọ́ mi nítorí Hooyo lọ ṣiṣẹ́.” Ògbufọ̀ túmọ̀ ẹ̀, ó tún fi àṣà ilẹ̀ wa kún un, obìnrin náà sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán lọ́tẹ̀ yìí. Ó lu ìwé ẹ̀ ní òǹtẹ̀.

Kàdíja ọmọ Yúsúfù tó ń lọ sí Róòmù ló máa mú un dání, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn tó ń bọ̀ ṣáájú wọn ni mo fi ìwé yìí rán. Jáde wá pàdé wọn.

Ohun tí màá gbà lọ́wọ́ ẹ rèé, mi ò gba nǹkan mìíràn. Bá a sọ Ítálì níta, bá a sọ Sòmálì nílé ìdáná. Má jẹ́ kó jẹ́ orí àga ibùdó ọkọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bó bá di pé ó gbé fóònù tí kò sì lè bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mi ò sì ní dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí sìpàgẹ́tì ẹ̀. Kò ní jẹ ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò bá sí níbẹ̀.

Ó máa pè ẹ́ ní Hooyo ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo ti kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ibẹ̀ ni mi ò lè kọ́ ọ dé. Bó o bá gbọ́ tó ké “Hooyo” láti orí bẹ́ẹ̀dì, má ṣe tètè yọ̀. Èmi ló ń pè. Dìde, kó o dá a lóhùn.

Ayeeyo Deeqa,
Dahabo